Àtàǹpàkò Òsì

Irọ́ ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo kọ sínú ìwé àìtí mi. Àìtí ni à ń pe ọdún kan tí akẹ́kọ̀ọ́ póòlì máa fi ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kí wọ́n tó gbà á padà sí kíláàsì. Wọ́n á fún èèyàn ní ìwé kan tí yóò máa kọ ohun tó bá ṣe lójúmọ́ sí. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ á máa fọwọ́ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á sì máa lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Bí òǹtẹ̀ kò bá pé, ọdún ti ṣòfò nìyẹn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mi, mo gbé omi mímu wá sí yàrá ọ̀gá mi, mo sì fi àkísà nu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ohun tí mo kọ ni pé mo ṣe àyẹ̀wò nẹ́tíwọ̀kì. Ọ̀gá mi fọwọ́ sí i. Kò kà á.

Ẹ̀yìn Ìlaro ni iléeṣẹ́ náà wà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Owódé. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń lọ níbẹ̀. Wọ́n á sọ ọ́ di sítáàṣì, wọ́n á dì í sínú àpò funfun, ọkọ̀ á sì kó o lọ. Òórùn rẹ̀ máa ń bá èèyàn délé. Ìyá mi, tó ti ń yan gàrí ní Ayétòrò kí wọ́n tó bí mi, gbóòórùn aṣọ mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní ṣé kì í ṣe torí kí n má bàa máa rùn bí òun ni òun ṣe rán mi lọ kọ́ kọ̀ǹpútà. Mo ní ibi kọ̀ǹpútà ni mo wà, n kò sí níbi ẹ̀gẹ́. Ó ní òórùn ò mọ ìyẹn.

Mo ti ra táì méjì sílẹ̀ de iṣẹ́ yìí, ọ̀kan pupa, ọ̀kan aláwọ̀ aró. N kò rí ibi lò wọ́n. Yàrá kan ni ẹ̀ka kọ̀ǹpútà, èèyàn kan ló sì wà níbẹ̀, ìyẹn ọ̀gá mi. Èmi ni mo sọ ọ́ di méjì. Ẹ̀rọ amúlétutù wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti kọ̀ǹpútà ńlá tó wà ní igun yàrá ni. Bí iná kò bá tó, fáànù tiwa ni wọ́n máa ń pa kí ara lè tu kọ̀ǹpútà náà. Ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà yẹn ni ọ̀gá mi máa ń kó omi mímu rẹ̀ sí, torí ibẹ̀ ló tutù jù. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó fẹ́ràn kí iṣẹ́ parí. Bóyá ó parí dáadáa, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ tó kù ń pè mí ní Àìtí. Kò sẹ́ni tó béèrè orúkọ mi títí tí mo fi kúrò níbẹ̀.

Ní àkókò yẹn, ẹni tó ń ṣọ́ géètì ló ń kọ orúkọ àwọn tó bá wọlé láàárọ̀ sínú ìwé ńlá kan. Aláàánú èèyàn ni. Ìgbàkígbà tí èèyàn bá dé, aago méje àbọ̀ ló máa kọ fún un. Nígbà tí olú iléeṣẹ́ ní Èkó rí i pé ọgọ́rin èèyàn ń dé lẹ́ẹ̀kan náà lójoojúmọ́, láìsí òjò, láìsí ọkọ̀ tó bàjẹ́, wọ́n fi ẹ̀rọ kan ránṣẹ́, wọ́n sì gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ géètì ni a gbé ẹ̀rọ náà kọ́. Ìka ni èèyàn máa fi tẹ̀ ẹ́. Bó bá mọ ìka náà, orúkọ onítọ̀hún á yọ lójú rẹ̀, obìnrin kan á sì fi èdè Òyìnbó dúpẹ́ láti inú rẹ̀ wá. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, obìnrin yẹn á ní kó tún un tẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Màdáámú. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn tó ń di ẹrù máa ń dá a lóhùn pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màdáámú." Ọ̀kan nínú wọn tó dàgbà sí apá Ìdíròkọ́ máa ń fi èdè Faransé sọ pé "mẹsí" fún un. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti rìnrìn àjò rí.

Èmi ni ọ̀gá mi ní kí n gba ìka gbogbo òṣìṣẹ́ sínú rẹ̀. Àtàǹpàkò ọ̀tún ni, gbogbo èèyàn, kí n parí rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì.

Bàbá kan wà níbi kòtò omi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀gẹ́. Òun ló pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí ó dé ibẹ̀, abà onípáànù kan ni gbogbo iléeṣẹ́ náà. Abúlé kan nínú igbó lẹ́yìn Ìlaro ló ti ń gun kẹ̀kẹ́ wá láràárọ̀. Lọ́jọ́ tí ó kàn án láti wá tẹ̀ka, ó dé fìlà. Ó ti fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ó sì ti fi àdí pa á. Ó na àtàǹpàkò síwájú bí ẹni tó fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ han àlejò, ó sì tẹ ẹ̀rọ.

Màdáámú ní kó tún un tẹ̀.

Ó tún un tẹ̀. Mo nu ojú ẹ̀rọ. Mo fi háńkáṣíìfù nu àdí kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ bí ìgbà mẹ́sàn-án. Ìgbà tí mo wá di àtàǹpàkò náà mú tí mo wò ó dáadáa ni mo rí i pé kò sí nǹkankan lójú rẹ̀. Omi ẹ̀gẹ́ ti jẹ gbogbo ilà rẹ̀ tán, ó ń dán bí òkúta inú odò.

Àwọn tó tò sẹ́yìn ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Bàbá, Màdáámú ò mọ̀ yín o. Àbí ẹ ti já a kulẹ̀ rí?" Òmíràn ní kí Bàbá kọ́kọ́ bọ́ fìlà kí ó tó fọwọ́ kan obìnrin olóbìnrin. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní:

"Àìtí, ṣé ohun tó ń wí ni pé mi ò sí níbí ni?"

Ó yẹ kí n sọ fún un pé ilà ìka rẹ̀ ti parẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tọ́ mi nílé, èèyàn kì í sọ fún àgbàlagbà lójú àwọn tó kéré sí i pé ọwọ́ rẹ̀ kò dára mọ́. Bí ọbẹ̀ àgbà kò bá níyọ̀, o yó ni wàá sọ. Mo ní, "Ó ti fẹ́ wọlé, Bàbá. Ẹ tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i." Nígbà tó tún na ọwọ́, mo fara bo ẹ̀rọ bí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì ti àtàǹpàkò òsì tèmi wọlé lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Tọ̀tún mi ti wà nínú ẹ̀rọ lórúkọ mi. Ẹ̀rọ kì í gba ìka kan fún èèyàn méjì. Màdáámú dúpẹ́. Ó dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, bí ó ṣe máa ń ṣe fún ẹni tuntun.

"Ó ti wọlé, Bàbá."

Ó nu ìka rẹ̀ mọ́ ẹ̀wù, ó kọjú sí àwọn tó tò sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ máa bọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mẹ̀rín rín. Ká wo tiyín." Ó sì yan lọ síbi kòtò omi rẹ̀.

Inú mi dùn. Mo fẹ́ kọ ìyẹn sílẹ̀ bó ṣe rí. Fún bí oṣù mẹ́rin, mo gbà pé nǹkan rere kan ṣoṣo tí mo ṣe ní iléeṣẹ́ yẹn nìyẹn.

Bí a ṣe wá ń ṣe é ni pé mo sọ fún Bàbá pé tirẹ̀ máa ń pẹ́ kí ó tó wọlé, kí ó kàn máa fọwọ́ kàn án kí ó máa lọ, pé ọ́fíìsì ni màá ti bá a parí rẹ̀. Ó gbà. Ó máa ń sọ fún aṣọ́géètì pé ọ̀nà jíjìn ni ìka tòun ń gbà. Bí mo bá dé, màá tẹ ọ̀tún, màá tẹ òsì, obìnrin inú ẹ̀rọ á dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti wọlé. Kò gbà ju kí èèyàn mí sínú kó mí síta.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba ti bọ́dà Ìdíròkọ́ pa.

Níbẹ̀rẹ̀, a rò pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ mélòó kan ni. Wọ́n ti tì í rí, wọ́n sì ti ṣí i rí. Ìrẹsì ló kọ́kọ́ kúrò ní káńtíìnì. Ìyá olóúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í se ti ìbílẹ̀, ó sì ń sọ fún wa pé ká máa fi ahọ́n ṣa òkúta rẹ̀, torí kò sówó ìtúnṣe eyín. Lẹ́yìn ìyẹn ni àṣẹ dé pé wọn ò gbọdọ̀ gbé epo bẹntiróòlù wá sílé epo tó bá sún mọ́ bọ́dà. Àwọn ilé epo Ìlaro ta okùn dí ẹnu ọ̀nà wọn, ewúrẹ́ sì ń sùn lábẹ́ ẹ̀rọ. Ẹni tó bá gbé kẹ́ẹ̀gì lójú títì, wọ́n á bi í léèrè bí ẹni tó gbé òkú.

Ayétòrò ni mò ń gbé. Takisí tó ń lọ sí Ìlaro láàárọ̀ ti pọ̀ tẹ́lẹ̀, ó wá di méjì, ó di ọ̀kan, ìgbà mìíràn kò ní sí rárá. Màá dúró ní gáréèjì títí oòrùn á fi ga, màá sì padà sílé lọ bá ìyá mi yan gàrí. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀, màá kọ ọ́ sínú ìwé mi pé mo ṣe ìwádìí nípa kọ̀ǹpútà. Láàárín oṣù méjì, ọjọ́ mọ́kànlá ni n kò débi iṣẹ́.

Bàbá kò pa ọjọ́ kan jẹ. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò mọ̀ pé wọ́n ti bọ́dà. Ó ń fi àwọn ọlọ́kadà ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní kí wọ́n wá fi alùpùpù wọn pààrọ̀ kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ òun, pé tòun kì í mu epo, ẹ̀kọ ló ń mu. Aṣọ́géètì sọ fún mi pé àwọn ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé òun nìkan ló wà níbi kòtò omi, tó ń dá ẹ̀gẹ́ tó yẹ kí èèyàn mẹ́rin fọ̀ fọ̀.

Mo lè sọ pé n kò rántí àtàǹpàkò òsì mi ní gbogbo àárọ̀ tí mo fi ń dúró ní gáréèjì. N kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Mo rántí rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Ohun tí mo rò ni pé bí wọn kì í ti í ka ìwé mi, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò ní ka ti ẹ̀rọ.

Èkó kà á. Àwọn tó ń ra sítáàṣì wa lódìkejì bọ́dà kò lè wá kó o mọ́, àpò funfun sì ti ga kan àjà nínú ilé ẹrù. Èkó ní kí wọ́n dín èèyàn mẹ́wàá kù. Wọ́n ní kó má bàa dà bí ìrẹ́jẹ, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tí kì í wá síṣẹ́ déédéé, kí wọ́n fi ohun tí ẹ̀rọ kọ ránṣẹ́. Ọ̀gá mi ní kí n tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, n kò wò ó, mo fi í sínú àpò ìwé. Nínú ìwé àìtí mi, mo kọ ọ́ pé mo tẹ àkọsílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ jáde fún olú iléeṣẹ́. Òun ni òtítọ́ àkọ́kọ́ tí mo kọ síbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni wọ́n pe èèyàn mẹ́wàá wá sí ọ́fíìsì máníjà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá wà lára wọn. Mẹ́sàn-án yòókù gba lẹ́tà wọn, wọ́n sì lọ. Bàbá ní òun kò lọ, pé àṣìṣe wà níbì kan. Nígbà náà ni wọ́n pe ọ̀gá mi, ọ̀gá mi sì ní kí n tẹ̀ lé òun.

Bàbá wà lórí ìdúró, ó mú fìlà lọ́wọ́. Aṣọ́géètì náà ti wọlé, láìsí ẹni tó pè é. Máníjà jẹ́ ọkùnrin kan tí kì í pariwo. Ó ń ka àwọn ọjọ́ náà jáde, ó sì ń fi bírò tẹ̀ lé wọn sísàlẹ̀. Ó jẹ́ mọ́kànlá. Aṣọ́géètì ní, "Sà, Bàbá yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí géètì fún." Máníjà ní kí ó mú ìwé tó kọ ọ́ sí wá. Ó ní, "Ẹ ti gbà á lọ́wọ́ mi, sà." Máníjà ní bó bá tiẹ̀ wà, ṣé kì í ṣe aago méje àbọ̀ ni gbogbo èèyàn máa dé. Aṣọ́géètì wolẹ̀.

Máníjà wo ọ̀gá mi. Ọ̀gá mi wò mí, ó ní:

"Àìtí, ṣé bí ẹ̀rọ ṣe kọ ọ́ nìyí?"

Mo gba ìwé náà, mo wò ó. Mo mọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Mo mọ ibi tí mo dúró sí ní gáréèjì Ayétòrò nínú ọkọ̀ọ̀kan wọn. Ọjọ́ tèmi ni gbogbo wọn, lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù kí òǹtẹ̀ mi pé.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," mo ní. "Bó ṣe kọ ọ́ nìyẹn."

N kò parọ́. Ohun tí mò ń sọ fún ara mi nínú takisí nìyẹn. Wọ́n bi mí bóyá bí ẹ̀rọ ṣe kọ ọ́ nìyẹn, bó sì ṣe kọ ọ́ nìyẹn.

Bàbá wò mí díẹ̀. Ìwò náà kò le. Ó sọ fún máníjà pé, "Tí ọmọ yìí bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, a jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni. Òun ló gbọ́ èdè ẹ̀rọ." Ó gba lẹ́tà, ó dúpẹ́, ó dé fìlà rẹ̀. Aṣọ́géètì sọ fún mi lọ́jọ́ Ajé pé nígbà tó dé ẹnu géètì, ó dúró, ó fi àtàǹpàkò tẹ Màdáámú. Màdáámú ní kó tún un tẹ̀. Kò tún un tẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé àìtí mi: ìka òsì, ọjọ́ mọ́kànlá, ohun tí mo sọ níwájú máníjà. Ó kún ojú ewé kan. Mo gbé e sórí tábìlì ọ̀gá mi, mo dúró. Ó fọwọ́ sí i, ó lu òǹtẹ̀. Mo ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ojú ewé yẹn." Ó ní òun ti wò ó, pé ìwé kíkọ mi ti ń dára sí i, kí n lọ pààrọ̀ íǹkì inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, olùkọ́ kan wá láti póòlì láti yẹ iṣẹ́ mi wò. Ó ṣí ìwé náà, ó ń fi bírò pupa fa ilà ó dára, ó dára, láti ojú ewé kan sí òmíràn. Ó fa ọ̀kan sójú ewé yẹn náà. Bí mo ṣe kọ́kọ́ jẹ́wọ́ nìyẹn, èèyàn méjì sì fún mi ní máàkì lé e lórí.

Mo dúró títí òǹtẹ̀ ìgbẹ̀yìn fi pé, tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí n kúrò níbẹ̀, kí n tó lọ bá Bàbá. N kò ní fi ìyẹn pamọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Aṣọ́géètì júwe ilé fún mi, ó sì yá mi ní kẹ̀kẹ́. Mo bá Bàbá lẹ́yìnkùlé rẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà, láti ọjọ́ àdí títí dé ọ́fíìsì máníjà. Ìyàwó rẹ̀ dáwọ́ dúró. Òun kò dáwọ́ dúró. Nígbà tí mo parí, ó bó èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó jù ú sínú agbada, ó ní kí n dìde.

Ó ní, "Ṣé àtàǹpàkò nìkan ni ẹ̀rọ yẹn ń gbà ni?"

Mo ní rárá, ìka yòówù ló ń gbà. Pé ọ̀gá mi ló ní kí n gba àtàǹpàkò.

Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi, tòun ti omi ẹ̀gẹ́. "Mo ní mẹ́sàn-án mìíràn."

Ó wá yọ ọmọńdinrín ọwọ́ òsì sọ́tọ̀ kí n wò ó. Ìka yẹn kì í di ẹ̀gẹ́ mú, ẹ̀yìn ló máa ń wà. Gbogbo ilà rẹ̀ ló pé, ó tò tẹ̀lé ara wọn bí poro oko.

Mo ní mi ò fẹ́ kí ojú tì í lójú àwọn èèyàn yẹn ni.

"Ìtìjú ọjọ́ kan," ló wí. "Wọn ì bá rẹ́rìn-ín mi dọ́sàn-án. Tó bá di ọ̀sán, ebi á pa wọ́n, wọ́n á lọ jẹun."

Ìyàwó rẹ̀ bu ẹ̀bà fún mi. Mo jẹ ẹ́, torí n kò mọ bí èèyàn ṣe ń kọ̀ ọ́. Nígbà tí mo ń lọ, mo sọ fún Bàbá pé màá lọ bá máníjà lọ́jọ́ Ajé. Ó ní, "Lọ." Ó mú ẹ̀gẹ́ mìíràn, ó ń bó o.

Mo lọ. Máníjà gbọ́ mi délẹ̀, kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Ó ní lẹ́tà ti kúrò lọ́wọ́ òun, pé Èkó ni wọ́n ti fọwọ́ sí i, pé alágbàṣe méjì ló ti wà níbi kòtò omi báyìí. Ó ní òun á kọ̀wé sí wọn, ṣùgbọ́n kí n má fọkàn sí i. "Títì ò le," ló ní. "Ṣíṣí ló máa ń pẹ́. Ṣé o ò rí bọ́dà ni?" Ó kọ lẹ́tà náà níṣojú mi, èmi ni mo sì tẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní kí n gbé omi wá.

Wọ́n padà ṣí bọ́dà. Mo ti wà ní kíláàsì nígbà náà, pẹ̀lú máàkì tó dára. Mo pe aṣọ́géètì lórí fóònù, mo bi í bóyá èsì lẹ́tà yẹn ti dé. Ó ní kò tí ì dé, pé Bàbá ti ń gbin ẹ̀gẹ́ tirẹ̀, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò sì gba ẹnu géètì yẹn kọjá mọ́.

Ọjọ́ tí mo kúrò ní iléeṣẹ́ náà kò yàtọ̀ sí ọjọ́ mìíràn. Mo tètè dé. Mo tẹ ọ̀tún, obìnrin inú ẹ̀rọ dúpẹ́. Ọwọ́ òsì mi ti dé ibẹ̀ kí n tó mọ̀. Orúkọ Bàbá yọ, ó dúró níbẹ̀ fún ìwọ̀nba ìgbà tí orúkọ máa ń fi dúró, obìnrin yẹn sì dúpẹ́. Èmi ló yẹ kí n ti yọ orúkọ àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kúrò nínú ẹ̀rọ. Mo ti yọ mẹ́sàn-án.